Òṣì àti Àìdọ́gba Owó Tó Ń Wọlé: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Béèrè Lemọ́lemọ́

Ìbéèrè kan náà ló máa ń padà wá, ìdí nìyí tí mo fi kó wọn jọ síbí. Èyí tó rọrùn ló ṣíwájú, èyí tó takókó ló wà nísàlẹ̀.

Kí ni òṣì gan-an?

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ebi ni orí òṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n òṣì ní apá, ó sì ní ẹsẹ̀. Ẹni tó yó lónìí tí kò mọ̀ bóyá òun á rí nǹkan fi sẹ́nu lọ́tùnla, òṣì ṣì ń bá a gbélé. Ẹni tí àìsàn ọ̀sẹ̀ kan lè mú kó ta irinṣẹ́ tó fi ń jẹun, òṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó ń kan ilẹ̀kùn.

Ìtumọ̀ tí èmi fara mọ́ jù ni pé òtòṣì ni ẹni tí àṣìṣe kan ṣoṣo tó láti da ilé rẹ̀ rú. Olówó á pàdánù owó, á sì tún òmíràn wá. Tálákà pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ kan péré, àwọn ọmọ á sùn lébi. Amartya Sen, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ọmọ Íńdíà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, gbà pé òṣì ju àìlówó lọ. Lójú tirẹ̀, òṣì ni kí agbára ènìyàn má ká irú ayé tó nídìí tó fi fẹ́ gbé.

Ṣé òṣì àti àìdọ́gba kì í ṣe ohun kan náà?

Rárá. Ọmọ ìyá ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìbejì. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ òṣì, ohun tí à ń béèrè ni pé kí ló wà lọ́wọ́ ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tí a bá ń sọ̀rọ̀ àìdọ́gba, à ń béèrè bí ẹni òkè ṣe jìnnà sí ẹni ìsàlẹ̀ tó. Abúlé tí gbogbo ènìyàn ti ń pebi mọ́nú kò ní àìdọ́gba, òṣì ló ní.

Ọ̀kan lè máa lọ sílẹ̀ kí èkejì máa gòkè. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣáínà lẹ́yìn àtúnṣe ọrọ̀ ajé ọdún 1978 nìyẹn: òṣì já wálẹ̀ lọ́nà tí ayé kò rí irú rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ náà ni àlàfo tó wà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù ń fẹ̀ sí i. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan dára sí i níbẹ̀ kò purọ́. Ẹni tó bá sọ pé àìdọ́gba pọ̀ sí i náà kò purọ́.

Ta ló ń fa ìlà òṣì, báwo ni wọ́n sì ṣe ń fà á?

Ìlà òṣì ni iye owó tó jẹ́ pé ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó o ni wọ́n ń kà sí tálákà. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ fà á ni olùwádìí kan, Seebohm Rowntree. Lọ́dún 1899, ó ṣe ìwádìí láti ilé dé ilé ní ìlú York ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣírò iye owó tí ìdílé nílò kí ara wọn lè gbé iṣẹ́, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ìlú náà ló wà nínú òṣì. Ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1963 sí 1964, Mollie Orshansky, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ṣírò iye owó oúnjẹ tó kéré jù lọ tí ìdílé lè fi jẹun, ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, nítorí pé nígbà yẹn, oúnjẹ ló ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọ ilé. Orí ìpìlẹ̀ yìí ni ìlà òṣì ìjọba Amẹ́ríkà ṣì dúró lé títí dòní.

Èyí tí a máa ń gbọ́ jù ni ti Báńkì Àgbáyé, tí wọ́n fi ń wọn òṣì paraku. Dọ́là kan lójúmọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1990. Ó di dọ́là 1.90 lọ́dún 2015, ó di 2.15 lọ́dún 2022, ó sì di 3.00 ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ìlà òṣì tí àwọn orílẹ̀-èdè tó tálákà jù fà fún ara wọn ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó mú iye kan.

Dọ́là yìí kì í ṣe èyí tí ẹ máa gbé lọ ṣẹ́ ní báńkì o. Ohun tí wọ́n ń wò ni ohun tí dọ́là kan lè rà ní Amẹ́ríkà, àti iye tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ná ènìyàn ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n sún ìlà náà sókè lọ́dún 2025, iye àwọn tí wọ́n kà sí tálákà paraku fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù 100 pọ̀ sí i láàárín òru kan, láìjẹ́ pé nǹkan kan yí padà nílé ẹnikẹ́ni. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi iye ọdún kan wé ti ọdún mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè pé ìlà wo ni wọ́n lò.

Ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n àti fóònù, ṣé a ṣì lè pè é ní tálákà?

A lè pè é bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1776 ni Adam Smith, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ti kọ ọ́ pé àwọn ará Gíríìsì àti Róòmù àtijọ́ gbé ayé ìrọ̀rùn láìní ẹ̀wù ọ̀gbọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ní ìgbà ayé tòun, ojú á ti alágbàṣe ní ibi tó pọ̀ jù ní Yúróòpù tó bá jáde láìwọ ẹ̀wù ọ̀gbọ̀. Ohun tí kò pọn dandan láyé baba lè pọn dandan láyé ọmọ. Fóònù tí wọ́n ń kà sí fàájì lánàá ni wọ́n fi ń pe alágbàṣe síbi iṣẹ́ lónìí.

Ìdí nìyẹn tí àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ fi ń lo ìlà mìíràn. Wọ́n á to gbogbo ènìyàn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n á wo ẹni tó bọ́ sí àárín gbùngbùn. Ní Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti ẹni àárín yìí ni òṣì ń wu léwu. Àjọ OECD, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀, ń lo ìdá 50. Àléébù kan wà nínú ọ̀nà yìí: bí ọrọ̀ ajé bá dẹnu kọlẹ̀ tí owó ẹni àárín sì já, ìlà náà á bá a já, ìwé á wá sọ pé òṣì dínkù, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ń ké.

Ṣé owó nìkan ni wọ́n fi ń wọn òṣì?

Owó nìkan kọ́. Láti ọdún 2010, UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, àti Yunifásítì Oxford ti ń lo òṣùwọ̀n tí Sabina Alkire àti James Foster là sílẹ̀. Ìlera, ẹ̀kọ́ àti ìgbé ayé ilé ni wọ́n ń wò, wọ́n sì pín in sí nǹkan mẹ́wàá: ṣé ọmọ kan ti kú nínú ilé yìí, ṣé ẹnì kan ń rù nítorí àìjẹunkánú, ṣé àwọn ọmọ ń lọ ilé ìwé, kí ni wọ́n fi ń dáná, níbo ni wọ́n ti ń pọn omi, ṣé iná mànàmáná wà, irú ilẹ̀ wo ni wọ́n ń tẹ̀ nínú yàrá. Ẹni tó bá kùnà ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀, tálákà ni.

Mo fẹ́ràn òṣùwọ̀n yìí nítorí pé ó rí ohun tí owó kì í rí. Ẹ wo ọmọbìnrin tó ń jí láàárọ̀ kùtù, tó ń rin wákàtí kan lọ síbi omi, tó sì ń fi wákàtí kan mìíràn ru ú bọ̀ wálé. Baba rẹ̀ lè ní owó lápò. Owó yẹn kò lè ra omi tí kò dé àdúgbò, kò sì lè dá wákàtí méjì tó ti lọ padà fún ọmọ tó pẹ́ dé ilé ìwé. Nínú ìròyìn ọdún 2024, bílíọ̀nù 1.1 ènìyàn ló wà nínú irú òṣì yìí láàárín orílẹ̀-èdè 112 tí wọ́n wò, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ ọmọdé.

Kí ló dé tí wọ́n máa ń sọ pé àròpín ń tan ni jẹ?

Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn mẹ́wàá wà ní yàrá kan. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń gba dọ́là 10 lójúmọ́, ẹnì kẹwàá ń gba 910. Àpapọ̀ owó wọn jẹ́ 1,000, àròpín rẹ̀ jẹ́ 100. Kò sí ẹnì kankan nínú yàrá náà tó ń gba 100. Tí ìjọba bá ní owó tó ń kan ọmọ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ sí i, ẹ béèrè pé ti ẹni àárín ńkọ́?

Kí ni Gini tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìròyìn?

Nọ́ńbà kan ni tó ń sọ bí owó ṣe pín láàárín àwọn ènìyàn. Max Lorenz ará Amẹ́ríkà ló ya ìlà tó ṣàfihàn rẹ̀ lọ́dún 1905, Corrado Gini ará Ítálì ló wá sọ ọ́ di nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ́dún 1912. Tó bá jẹ́ 0, gbogbo ènìyàn ń gba iye kan náà. Tó bá jẹ́ 1, ẹnì kan ṣoṣo ló kó gbogbo rẹ̀. Ti Slovakia wà ní nǹkan bí 0.24, ti South Africa jẹ́ 0.63 lọ́dún 2014, èyí tó wà lára àwọn tó ga jù lágbàáyé.

Ìlú méjì lè ní Gini kan náà kí ibi tí bàtà ti ń há má jẹ́ ọ̀kan. Ní ìkíní, ẹni òkè ló fò lọ. Ní èkejì, ẹni ìsàlẹ̀ ló rì. Gabriel Palma, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Ṣílè, ṣàkíyèsí pé àwọn tó wà láàárín máa ń gba nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé níbi gbogbo, pé ìjà gidi wà láàárín ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wà lókè àti ìdá 40 tó wà nísàlẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè kàn ń fi ìpín àwọn òkè wọ̀nyí wé ti àwọn ìsàlẹ̀. Lójú mi, ó yé ènìyàn ju Gini lọ.

Owó tó ń wọlé àti ọrọ̀, kí ni ìyàtọ̀ wọn?

Owó tó ń wọlé ni omi tó ń ṣàn sínú àmù. Ọrọ̀ ni omi tó ti wà nínú àmù: ilé, ilẹ̀, ìpín nínú ilé iṣẹ́, owó tó wà ní báńkì, lẹ́yìn tí a bá ti yọ gbèsè kúrò. Ìròyìn ọdún 2022 nípa àìdọ́gba lágbàáyé fi hàn pé ìdá 10 tó lọ́rọ̀ jù ń gba ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé, ṣùgbọ́n ìdá 76 ni wọ́n ní nínú ọrọ̀. Ìdajì ayé tó wà nísàlẹ̀ ní ìdá 2 péré.

Owó ní í péná owó. Ilé ń mú owó àyágbé wá, owó àyágbé ń ra ilẹ̀, ilẹ̀ ń gbówó lórí kódà nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn. Ẹni tí apá rẹ̀ nìkan ló ní, ọjọ́ tí apá náà bá dá iṣẹ́ dúró, owó náà dúró.

Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́. Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń sọ ènìyàn di tálákà?

Ìbéèrè yìí ló máa ń dùn mí jù, nítorí pé ẹni tó ń béèrè rẹ̀ sábà máa ń ti rí tálákà tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, kò kàn wò ó dáadáa ni. Ẹ wo alágbàṣe tó ń ru bíríkì. Ó ti dé ibi iṣẹ́ kí oòrùn tó yọ. Ó ń gun àkàbà lọ, ó ń gun ún bọ̀, òṣùká ti jẹ́ kí àárín orí rẹ̀ pá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ. Tí òjò bá rọ̀, kò sí iṣẹ́, kò sì sí owó. Ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tó ń gbé bíríkì sókè ń ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan alágbàṣe yìí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, lórí ìjókòó. Ẹ̀rọ ló fi jù ú lọ, kì í ṣe akíkanjú.

Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, kà á pé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 200 ló ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣì wà nínú òṣì paraku. Iṣẹ́ loògùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí oògùn tó jẹ́, èròjà rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé: irinṣẹ́, ìmọ̀, ọ̀nà tó dára, iná, ìlera, àti ẹni tó máa san owó iṣẹ́ náà bó ṣe yẹ. Ọ̀lẹ wà láàárín tálákà, ó wà láàárín olówó náà. Ìyàtọ̀ ni pé ọ̀lẹ tó jogún ilé mẹ́rin kì í rí ẹni pè é lọ́lẹ.

Kí ló dé tí tálákà fi máa ń ṣe ìpinnu tí kò mọ́gbọ́n dání?

Lọ́dún 2013, àwọn olùwádìí kan, Anandi Mani, Sendhil Mullainathan, Eldar Shafir àti Jiaying Zhao, gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde nípa àgbẹ̀ oníìrèké 464 ní Tamil Nadu ní Íńdíà. Àgbẹ̀ ìrèké ń gba owó lẹ́yìn ìkórè, nítorí náà ọwọ́ rẹ̀ ń gbẹ kí ìkórè tó dé, ó sì ń tutù lẹ́yìn rẹ̀. Ìdánwò ìrònú tí wọ́n ṣe fún wọn lẹ́yìn ìkórè dára ju èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú lọ. Orí kan náà ni, ènìyàn kan náà ni. Ohun tó yàtọ̀ ni pé kí ìkórè tó dé, gbèsè, owó ilé ìwé ọmọ àti oúnjẹ alẹ́ ti gba inú orí náà kan.

Àìrówó ná ni baba ìjayà. Ẹni tí ìjayà bá sì gbà lọ́kàn kì í rójú ronú nípa ọdún tó ń bọ̀. Kí a tó sọ pé àìgbọ́n ló sọ ọ́ di òtòṣì, ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá òṣì ló kọ́kọ́ jí ìrònú rẹ̀ gbé.

Ṣé lóòótọ́ ni pé nǹkan ń wọ́n fún tálákà ju olówó lọ?

Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó lówó á ra ọṣẹ ní páálí, á lò ó fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí kò ní á ra ẹyọ kan, tàbí kí wọ́n gé ààbọ̀ fún un, tí ẹ bá sì ṣírò ohun tó ná láàárín oṣù mẹ́ta, tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Báńkì ń yá olówó lówó pẹ̀lú èlé díẹ̀ nítorí pé ó ní ohun tó lè fi dúró. Tálákà tí kò ní nǹkan kan á lọ sọ́dọ̀ olówó èlé àdúgbò, èlé tó máa san láàárín oṣù kan lè ju ti ọdún kan ní báńkì lọ.

Òrùlé tó ń jò náà ńkọ́? Páànù kan tó bá rà lónìí ì bá dí ojú ihò náà. Kò sí owó páànù, ó gbé garawa sábẹ́ rẹ̀. Òjò kejì, igi àjà ti ń rà. Òjò kẹwàá, ògiri ti fi ara wó, aṣọ àti ìwé àwọn ọmọ ti bàjẹ́.

Ṣé kì í ṣe pé nǹkan ò tó ká gbogbo ayé ni?

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Bengal, ní Íńdíà ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, lọ́dún 1943, ìyàn pa ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 2 sí 3. Amartya Sen tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, padà ṣèwádìí rẹ̀ nígbà tó dàgbà, ó sì rí i pé oúnjẹ tó wà lọ́dún yẹn kò kéré sí ti ọdún 1941, nígbà tí ìyàn kankan kò sí. Ogun ló mú kí owó oúnjẹ fò sókè. Owó alágbàṣe oko kò tẹ̀ lé e. Oúnjẹ wà, owó tí wọ́n máa fi rà á ni kò sí lọ́wọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ebi ayé òde òní náà, bó ṣe rí nìyẹn.

Ṣé ọmọ tálákà lè di olówó?

Ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì ń ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọrùn níbi gbogbo bákan náà. Lọ́dún 2018, OECD ṣírò rẹ̀ pé ọmọ tó bá jáde láti ìdílé tówó wọn kéré jù máa nílò ìran mẹ́rin sí márùn-ún kí àtọmọdọ́mọ rẹ̀ tó dé ipò àárín láàárín àwọn orílẹ̀-èdè wọn. Ní Denmark, ìran méjì ni. Ní Kòlóńbíà, mọ́kànlá ni.

Ohun kan tún wà tó lágbára ju ìyẹn lọ. Branko Milanovic, tó ti pẹ́ lẹ́nu ìwádìí yìí, fi hàn pé ó lé ní ìdajì ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó àwọn ọmọ ayé tó jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tí kálukú ń gbé ló fà á. Kò sì sí ọmọ tó yan ibi tí wọ́n máa bí òun sí.

Kí ló dé tí òṣì fi ń mú obìnrin lọ́nà tirẹ̀?

Iṣẹ́ tí kò lówó ni. ILO sọ lọ́dún 2018 pé obìnrin ló ń ṣe ìdá 76 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí tí ayé ń lò fún ìtọ́jú ọmọ, arúgbó, aláìsàn àti ilé láìgba kọ́bọ̀. Wákàtí yẹn ni ọkùnrin ń lò níbi tí wọ́n ti ń sanwó. Tí ọkọ bá kú tàbí tó bá lọ, ogún ọdún iṣẹ́ obìnrin náà kò sí nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì kankan.

Ṣebí ìka ò dọ́gba. Kí ló wá burú nínú àìdọ́gba?

Ìka ò dọ́gba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Ìka tó bá wú débi tí ẹ̀jẹ̀ kò fi dé èkejì mọ́, àìsàn là ń pè é. Kò sí ẹni tó ń bínú pé dókítà ń gbowó ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ohun tó ń bí ènìyàn nínú ni kí owó ra òfin, kí ó ra ilé ẹjọ́, kí ó ra gbogbo ilẹ̀ tó dára, kí ọmọ ẹlòmíràn sì máa jìyà rẹ̀.

Ó ń dé inú ara pàápàá. Láti ọdún 1967, àwọn olùwádìí tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó lé ní 17,000. Gbogbo wọn ló níṣẹ́, kò sí aláìríjẹ láàárín wọn, ìtọ́jú ilé ìwòsàn sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Síbẹ̀, Michael Marmot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ikú pa àwọn tó wà nípò ìsàlẹ̀ pátápátá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àwọn ọ̀gá àgbà. Ó sì ń lọ ní ìpele ìpele: ìlera ẹni tó wà ní ipò kejì náà kò tó ti ẹni tó wà lókè rẹ̀.

Ṣé òṣì ń pọ̀ sí i ni àbí ó ń dínkù?

Láti ọdún 1990, ó dínkù gan-an. Lórí ìlà dọ́là 2.15, nǹkan bí bílíọ̀nù 2 ènìyàn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún 2024, nǹkan bí mílíọ̀nù 700 ni. Ṣáínà nìkan yọ àwọn tó sún mọ́ mílíọ̀nù 800 láàárín ogójì ọdún. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 2015, ìdínkù náà ti ń falẹ̀, àrùn Kòfíìdì sì dá a padà sẹ́yìn lọ́dún 2020. Ó lé ní ìdajì àwọn tó kù tó wà ní Áfíríkà ìsàlẹ̀ Sàhárà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé bá ara wọn ṣe lọ́dún 2015, pé òṣì paraku á tán lọ́dún 2030, ọwọ́ kò ní tó o.

Tí ọrọ̀ ajé bá ń dàgbà, ṣé kò ní kan gbogbo wa bó pẹ́ bó yá?

Lọ́dún 1955, onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, Simon Kuznets, dábàá pé àìdọ́gba á kọ́kọ́ gòkè bí ìlú bá ń kúrò lóko lọ sí ilé iṣẹ́, lẹ́yìn náà á padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọba gbá èyí mú bí ẹni gbá ìlérí mú. Kuznets fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bóyá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ òun ló jẹ́ ẹ̀rí, pé ìdá 95 jẹ́ àbá. Láti nǹkan bí ọdún 1980, àìdọ́gba tún gòkè ní Amẹ́ríkà, tó ti di ọlọ́rọ̀ tipẹ́.

Láìsí ìdàgbàsókè, kò sí orílẹ̀-èdè tálákà tó lè bọ́ nínú òṣì. Ìyẹn dá mi lójú. Ṣùgbọ́n irú èyí tó dàgbà ṣe pàtàkì. Oko tó dára sí i ń kan àgbẹ̀ púpọ̀. Kànga epo rọ̀bì lè kan ọ́fíìsì díẹ̀.

Tí a bá fún tálákà lówó, ṣé kò ní fi mu ọtí?

Wọ́n ti wá èyí yanjú. Àwọn olùwádìí méjì, David Evans àti Anna Popova, kó ìwádìí 19 jọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé owó tí wọ́n fún àwọn ènìyàn kò mú kí wọ́n ra ọtí tàbí tábà sí i. Níbi púpọ̀, ńṣe ni ó dínkù.

Mẹ́síkò bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí lọ́dún 1997, Brazil sì gbé Bolsa Família kalẹ̀ lọ́dún 2003. Ìyá ni wọ́n sábà máa ń san owó náà fún, pẹ̀lú àdéhùn pé àwọn ọmọ á lọ ilé ìwé, wọ́n á sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ìyá tí mo bá rí tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yọ owó ìwé ọmọ kúrò, èmi kò ní nǹkan kan láti kọ́ ọ nípa ìṣúná owó.

Ẹ̀yáwó kékeré ńkọ́? Ṣé kì í mú ènìyàn bọ́ nínú òṣì?

Muhammad Yunus àti Grameen Bank tó dá sílẹ̀ ní Bangladesh gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà lọ́dún 2006 nítorí rẹ̀, ìrètí sì ga. Nígbà tó di ọdún 2015, àbájáde ìwádìí tí wọ́n fara balẹ̀ ṣe ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà jáde: Bosnia, Etiópíà, Íńdíà, Mẹ́síkò, Mongolia àti Mòrókò. Ẹ̀yáwó náà ran àwọn kan lọ́wọ́ láti mú òwò wọn gbòòrò, ó sì jẹ́ kí wọ́n lè yan bí wọ́n ṣe fẹ́ náwó. Ní ti kí owó tó ń wọlé pọ̀ tàbí kí òṣì lọ pátápátá, ìyẹn kò hàn nínú rẹ̀.

Kò yà mí lẹ́nu. Gbogbo ènìyàn kọ́ ni oníṣòwò. Ọ̀pọ̀ tálákà tó ń ta ọjà pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ì bá fẹ́ iṣẹ́ olówó oṣù tó bá rí i, gbèsè sì ni ẹ̀yáwó, bó ti wù kó kéré tó.

Tí a bá kó gbogbo owó ayé jọ tí a sì pín in dọ́gba, ṣé òṣì ò ní tán?

Lórí ìwé, ohun tí ayé ń mú jáde lọ́dún kan máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohun tó lé ní dọ́là 30 lójúmọ́. Torí náà kì í ṣe pé kò tó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkìtì owó tó wà nínú ilé ìṣúra kan là ń sọ. Iṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni, tí wọ́n bá sì dá a dúró nítorí pé èrè rẹ̀ kò dé ọwọ́ wọn mọ́, ohun tí à ń pín náà á máa dínkù.

Ohun tí ayé ti dán wò tó ṣiṣẹ́ ni owó orí àti owó ìrànwọ́. Láàárín àwọn orílẹ̀-èdè OECD, méjèèjì yìí ń dín Gini kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin fún àwọn tó ṣì wà ní ọjọ́ orí iṣẹ́. Ibi tó ti takókó ni àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó. Ó lé ní ìdajì òṣìṣẹ́ ayé, nǹkan bí bílíọ̀nù 2 gẹ́gẹ́ bí ILO ṣe kà á lọ́dún 2018, tí iṣẹ́ wọn kò sí nínú ìwé ìjọba kankan. Ìjọba tí kò rí owó oṣù wọn á gba owó orí lórí ọjà tí wọ́n ń rà. Tálákà tó ń ná gbogbo owó rẹ̀ lọ́jà á san án lórí gbogbo rẹ̀. Olówó tó ń fi ìdajì pamọ́ á san án lórí ìdajì. Ní irú ibẹ̀, kí a tó sọ pé ìjọba ran tálákà lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jà kúrò nínú ohun tó fún un. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí ìṣirò náà máa ń fi hàn pé tálákà san ju ohun tó gbà padà lówó lọ.